Ilé-Ìwé Tí Ọmọ Wa Fẹ́ Lọ

Ìyàwó mi ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ní ẹ̀yìnkùlé wa ní àdúgbò Wulari, nílẹ̀ Kànúrí, láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn tí a jọ wà. Mo ń so okùn bàtà mi kí n tó lọ sí ilé-ìwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Kò gbójú sókè kó tó sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ẹ pe ọmọ yìí o. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé-ìwé tó fẹ́ bá yín sọ."

"Ṣé ẹnu ń dùn ún ni?"

"Ẹ kúkú mọ ohun tó ń ṣe é."

"Tó bá ti rí Yorùbá rẹ̀ kó jọ, kó wá."

"Ẹ máa dúró títí nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jáde. Lọ́sàn-án, orí ń fọ́ ìyàwó mi, ó ṣubú nílé ìdáná. Nígbà tí mo máa fi dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti daṣọ bò ó lójú.

Èmi ni mo ṣòfin ilé wa. Nígbà tí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ṣì kéré, tí Háúsá ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, mo ní ẹni tó bá fi Háúsá bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé kò ní gbọ́ èsì. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò di àlejò láàárín àwọn ẹbí wa. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé, yàtọ̀ sí "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti jẹun", ọmọ náà kì í bá mi sọ nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, yóò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sì wá sọ ọ́ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, bí ìṣirò bá rú ọmọ ẹlòmíràn lójú, Háúsá ni mo fi ń ṣàlàyé, pẹ̀lú sùúrù.

Àwòrán yíyà ló fẹ́ lọ kọ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ilé-ìwé ìjọba kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó wù ú. Mo ní agbára mi kò ká ọ̀nà jíjìn, kó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nílùú yìí, kó máa ti ilé lọ. Mi ò béèrè iye tí ilé-ìwé náà ń gbà. Ká sòótọ́, mi ò fẹ́ mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin Kànúrí tó jẹ́ aládùúgbò wa gbé oúnjẹ wá. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ń sọ fún un lójúde pé gbígba fọ́ọ̀mù ilé-ìwé náà yóò parí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá bi í pé, "Wa zai gaya wa Baba yanzu?" Ta ni yóò sọ fún Bàbá báyìí?

Obìnrin náà rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Malam," ló fi Háúsá wí, "gbogbo ọmọ àdúgbò yìí lo kọ́. Tìrẹ nìkan ló ń wá lọ́yà kó tó lè bá ọ sọ̀rọ̀."

Nígbà tó lọ tán, mo pe ọmọ mi, mo ní, "Zauna. Me kike so?" Jókòó. Kí lo fẹ́? Ó wò mí bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì tètè dákẹ́.

Ó gbé ìwé kan wá tí òun àti ìyá rẹ̀ ti jọ kọ nǹkan sí. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Èkó ló wà lókè; wọ́n ti fi ìlà pa á rẹ́. "Èyí pọ̀ jù fún yín, Bàbá. Èmi ni mo yọ ọ́ fúnra mi." Ti ìjọba ló tẹ̀ lé e. Owó rẹ̀ kò ju ti ibi tí mo fẹ́ fi í sí nílùú yìí lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń gbé nítòsí ibẹ̀, ó sì ti gbà kí ọmọ náà wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọ̀dà àti owó ọkọ̀ nìkan ló máa wúwo, wọ́n sì ti ro ìyẹn náà: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni yóò máa wálé.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Màmá ní kí n dúró dìgbà tí ẹ bá pè mí."

Mo ní kó lọ. Mo tún un sọ: ibẹ̀ ni kó lọ.

Ilé-ìwé náà ń béèrè fọ́tò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ ló ń ya fọ́tò nílé wa; mi ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára fóònù. Láàárọ̀ Sátidé, mo tẹ́ àwọn àwòrán náà sílẹ̀ ní ìta níbi tí oòrùn wà. Mi ò rí ọ̀kankan nínú wọn rí. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan jókòó, ó kẹ̀yìn síni, ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ẹ̀yìn náà: tèmi ni.

Òjìji orí mi ba fọ́tò mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́. "Matsa, Baba," ni ọmọ mi ń wí, "ẹ sún." Mo sún. Mo tún un yà títí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi mọ́lẹ̀. A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò Post Office, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́.