Àyà Tó Ń Pe Ejò

Bí kẹ́tùlù mi bá ti súfèé lórí sítóòfù, ara mi á yá gágá, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín.

Ní Ìkòsí ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ṣì kéré. Mummy tú àpò ata gbígbẹ tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ọjà Mile 12 sí pálọ̀, eruku pupa gba gbogbo ilé. Bí àbúrò mi, Kọ́lá, ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo gbọ́ fèrè: fíìì, fíìì. Mo gbé etí lé e láyà. Inú ibẹ̀ ló ti ń wá! Ó ń dún lọ, ó ń dún bọ̀, bí ẹni gbé ọmọ ẹyẹ mì.

Mummy sì ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá súfèé nínú ilé, ejò ló ń pè. Mo fò sókè: "Mummy, ẹ wá gbọ́! Kọ́lá ń fi àyà pe ejò!"

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, fèrè dákẹ́. Ó dùn mí pé ejò ò ní wá mọ́. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé atẹ́gùn ni ò rọ́nà kọjá mọ́ nínú àyà rẹ̀.

Mummy gbé Kọ́lá kọ́ èjìká, wọ́n fi ọwọ́ aláta sáré dé ọ̀dọ̀ Aunty nọ́ọ̀sì tó wà ní ojúlé kejì, èmi náà sá tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́. Gbogbo wa tẹ́tí sí àyà rẹ̀. Fíìì!

Mummy tó máa ń nà wá torí súfèé bá bọ́ sí ijó: "Súfèé, ọkọ mi! Súfèé kí gbogbo ejò inú irà Agboyi máa bọ̀!"