Ẹni Tó Dáhùn fún Nọ́ńbà Fáìfù

Bí àwọn panápaná bá jáde láti inú èéfín, ọ̀gá wọn a pe nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú a sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Òfin náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tí mò ń sọ yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn panápaná Alímọ̀ṣọ́ ní òfin náà, ó sì tún máa ń ṣáájú wọn lọ síbi iná. Èmi akọ̀ròyìn a máa lọ jókòó sí pápá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Ìkòtún nígbà tí ìròyìn bá gbẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí eré wọn. Bí ẹnì kan bá yọ́ lọ ra àkàrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ a dáhùn fún un.

"Nọ́ńbà tú!"

"Sà!"

"Nọ́ńbà tírì!"

"Sà!"

"Ìwọ yìí, ẹnu mélòó ni wọ́n bí mọ́ ọ?"

Gbogbo pápá a bú sẹ́rìn-ín, tèmi náà a sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni rí nítorí rẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, jàre. Iná ò ní fẹ́ràn wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onípákó ní Ìdímù. Àwọn mẹ́fà wọlé. Nígbà tí wọ́n ń jáde, èéfín ti kun ojú wọn, a kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá ni mo dúró sí.

"Nọ́ńbà fó!"

"Sà!"

"Nọ́ńbà fáìfù!"

"Sà!"

Ohùn kan náà ni. Mo gbọ́ ọ. Mo wo Ọ̀gá. Iná ló ń wò. Ó pe sísì, sísì dáhùn. Ó wá yíjú sí mi: "Gbogbo wọn ti jáde. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́.

Aránṣọ kan tó ń wòran fà mí láṣọ. "Bọ̀ọ̀dá oníròyìn, mẹ́fà ló wọlé, márùn-ún ni mo rí o."

"Wọ́n ti pè wọ́n," ni mo dá a lóhùn.

"Ó dáa. Bóyá ojú mi ni ṣá."

Òrùlé já. Nọ́ńbà fáìfù wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dáhùn fún un rò pé ó ń mu omi lẹ́yìn ọkọ̀ ni.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òrùlé wó lójijì. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí olùkọ́ bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tí ohùn méjì bá jọra, mo máa ń dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Ọ̀gá náà kò ṣàwàdà mọ́. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, àyà oníkálukú ló ń fi ọwọ́ kàn kó tó pe nọ́ńbà tó kàn.

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí wá sílé rẹ̀ ní Gowon Estate. "Ìyá Nọ́ńbà fáìfù ṣì wà ní Àgbàdo," ó ní. "Mo fẹ́ sọ fún un kí n tó kú. Bá mi lọ. Ìwọ náà gbọ́ ọ."

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé eré wa ni."

A lọ. Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Ìyá náà kò sunkún.

"Ta ló dáhùn?"

"Ọmọ tí mo kọ́ ni, Mà. Èmi ni kí ẹ mú."

"Ká ní kò sí ẹni tó dáhùn ńkọ́?"

"À bá padà wọlé."

"Ẹ ò bá bá a láàyè?"

"N kò mọ̀, Mà."

Ìyá náà yí àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ pè é," ó ní, "bí ẹ ṣe pè é lọ́jọ́ náà."

Ọ̀gá dìde, ó dúró ṣánṣán. "Nọ́ńbà fáìfù!"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Kò sí ẹni tó dáhùn fún un.

"Ẹ tún un pè," ni ìyá náà wí.