Orin Tí Màmá Mi Kò Gbọ́

Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Kpakungu nílẹ̀ Àríwá ni àbúrò mi ọkùnrin ti máa ń ṣe orin sínú fíìmù àwọn Hausa. Kọ̀ǹpútà kan, dùùrù kékeré kan àti máìkì tó so mọ́ ẹ̀yìn àga, gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ariwo kẹ̀kẹ́ àti ti ẹ̀rọ alọta kò jẹ́ kó gbádùn, ló bá gbé fóòmù tó ń sùn lé ti ilẹ̀kùn láti inú. Fóòmù dí ariwo títì díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dí ohùn màmá wa? Bí oúnjẹ bá ti jinná, wọn á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, wọn á pariwo: "Ọkọ mi, ṣé o ò ní jẹun ni? Ọbẹ̀ ń tutù o!" Wọn kì í gbọ́ èsì. Wọn á wá kọjú sí mi pé, "Àbúrò rẹ ti sọ mí di wèrè tó ń dá sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún wọn pé ohùn wọn ti kó sínú orin fíìmù kan, òun sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ìtàn náà. Màmá ní kó yọ ọ́ kíá, kó má sọ àwọn di ẹni ẹ̀sín. Inú wọn ń dùn ṣìnkìn, mo mọ̀ wọ́n. Kí fíìmù náà tó jáde, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti pa àbúrò mi.

Ohun tó tẹ̀ lé e ṣì ń bí mi nínú dòní. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, tó wà ládùúgbò sin ín lọ́jọ́ kan náà, wọn ò jẹ́ kí màmá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kó aṣọ rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, dùùrù àti kọ̀ǹpútà lọ, wọ́n sì pa gbogbo ohùn rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù màmá, kí ohunkóhun má bàa rán wọn létí rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dúró níwájú màmá, ó ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí ẹni pé màmá ò mọ̀! Díẹ̀ ló kù kí n fi ìgbálẹ̀ lé e jáde.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tó darí fíìmù náà wá sílé wa. "Sannu, Màmá. Allah ya jikansa." Ó kí màmá, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọmọ wọn. Ó wá ní orin àbúrò mi wà lára àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Àríwá, ti orin tuntun tó dára jù lọ. Gbọ̀ngàn kan nígboro ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, kí ẹbí wá. Màmá ti dìde, wọ́n ń wá bàtà tí wọn yóò wọ̀ lọ. Àwọn àgbà gbọ́, wọ́n dé.

"Haba! Kí ìyá lọ gbọ́ ohùn òkú ọmọ rẹ̀ ní gbangba? Èèwọ̀ ni."

Màmá jókòó padà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, màmá pè mí. "Ìwọ lọ. Má gbà á sínú fóònù, mi ò fẹ́ ìjà wọn. Ṣá bá mi gbọ́ ọ. Kí o wá sọ fún mi bóyá ó tiẹ̀ dá mi lóhùn."

Ní gbọ̀ngàn náà, àwọn ènìyàn ńlá pẹ́ kí wọ́n tó dé, wọ́n sì tún sọ̀rọ̀ títí ó fi sú mi. Ìgbà tí wọ́n fi orin tiwa sí i, dùùrù ló kọ́kọ́ wọlé, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn màmá gba gbọ̀ngàn kan: "Ọkọ mi, ṣé o ò ní jẹun ni?" Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò gbọ́ Yorùbá, wọ́n kàn ń mi orí. Mo wá gbọ́ ọ, lábẹ́lẹ̀, nítòsí máìkì: "Mò ń bọ̀, Màmá. Mò ń bọ̀."

Fóòmù burúkú yẹn ló ti ń gbé èsì rẹ̀ mì láti ọjọ́ yìí.

Orin rẹ̀ ló gbégbá orókè. Mo gun orí pèpéle, mo gba àmì-ẹ̀yẹ náà, ẹkún ò jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé aládùúgbò wa ni mo fi í pamọ́ sí, torí orúkọ àbúrò mi wà lára rẹ̀, àwọn àgbà á kó o lọ, kí n tó wọlé bá màmá nídìí ààrò. Wọn ò béèrè ẹni tó gbégbá orókè.

"Ṣé ó dá mi lóhùn?"

"Ó dá yín lóhùn, Màmá. Ó ní òun ń bọ̀."

Wọ́n wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

"Irọ́ ló pa," wọ́n ní, wọ́n sì dé ìkòkò ọbẹ̀.