Àwọn Lẹ́tà Tó Ń Sá Sẹ́yìn

Ẹ súnmọ́ mi, kí ẹ gbọ́ bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ìtàn yìí kò ní ìjàpá nínú, kò sì ní orin tí ẹ máa gbè. Àmọ́ àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ máa ń sáré.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa kọ lẹ́tà sára ọkọ̀ akẹ́rù. Lẹ́tà inú ìwé máa ń wọ bàtà, ẹ wo ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ wọn dáadáa. Ti ọkọ mi kì í wọ bàtà. Wọ́n sanra, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà, gbogbo wọn sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ajá ń lé. Ìdí nìyẹn tí àwọn dẹ́rẹ́bà fi ń pè é ní Bàbá Lẹ́tà-ń-sáré.

Èmi ò mọ̀wé. Àmọ́ mo mọ èyí tó lanu, mo mọ èyí tó ká bí ejò, mo mọ èyí tó yọ ikùn síta bí aláboyún. Òun á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà wọn, èmi á fi ọ̀dà kún inú wọn. Bí a ṣe jọ ṣe é títí orí wa fi funfun nìyẹn.

Ọkọ mi wá ní ọgbọ́n kan. Tí ẹ bá kọjú sí apá ọ̀tún ọkọ̀, ọwọ́ ọ̀tún yín ni imú ọkọ̀ wà. Tí ẹ bá yí lọ sí apá òsì, imú ọkọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ òsì yín. Nítorí náà, tó bá dé apá òsì, á yí ìtẹ̀ àwọn lẹ́tà náà padà, kí gbogbo wọn lè máa bá ọkọ̀ lọ.

“Ìyá wọn,” á wí, “ṣé ọkọ̀ á máa lọ síwájú, kí orúkọ olówó rẹ̀ máa sá lọ sílé?”

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Lẹ́tà tó sanra, tó tẹ̀, tí kò wọ bàtà, wà nínú tòun náà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí rọ́bà tí wọ́n ń pè ní sítíkà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀, ó parí. Àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí, lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ mi á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ẹ wò wọ́n! Wọ́n gbàgbé nǹkan sílé!”

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà rọra ń lọ. Ojú rẹ̀ ń ṣú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wá ku Alága nìkan, ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù púpọ̀.

Alága gbé ọkọ̀ tuntun wá. “Bàbá, mi ò fẹ́ já yín sílẹ̀. Ẹ kọ èyí. Tó bá dáa, tiyín ni gbogbo ìyókù. Tọ́wọ́ bá gbọ̀n, ẹ má bínú o, sítíkà ló kàn.”

Ọkọ mi kò sùn dáadáa. Ó gbé páálí lé orí pákó kan tó ti kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Alága sí nígbà tójú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gé àwọn lẹ́tà náà sínú páálí, kó lè máa fi ihò wọn fa ìlà. Kò lo páálí rí láyé rẹ̀.

Apá ọ̀tún dáa. Mo kún un, inú mi dùn. Ó gbé páálí lọ sápá òsì, ó fa ìlà yíká. Mo gbé ọ̀dà, mo dúró.

“Bàbá wọn, ìdí ọkọ̀ ni àwọn èyí kọjú sí.”

Ó súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ó dojú páálí délẹ̀, àwọn lẹ́tà náà di òdì, kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n. Ó ju páálí nù, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ìlà náà ń gbọ̀n bí ewé. Ó nù ún. Ó tún fà á. Ó tún nù ún. Nígbà tó ṣe, ó ṣa páálí náà nílẹ̀, ó gbé e síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

“Kún un,” ló wí.

“Bàbá wọn...”

“Mo ní kún un!”

Mo kún un.

Alága dé, ó yí ọkọ̀ náà po, ó pàtẹ́wọ́. “Háà! Bàbá! Kò yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà rárá! Ẹ wo apá òsì yìí! Bí ẹ̀rọ ló ṣe é gẹ́lẹ́! Mò ń kó gbogbo ìyókù bọ̀.”

“Ẹ ṣé, Alága,” ni ọkọ mi wí.

Kò fọ búrọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ẹni tó jẹ́ pé kì í jẹun láìfọ̀ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ti le bí òkúta. Mo ní kí n rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì. Ó ní, “Fi sílẹ̀. Lẹ́tà tèmi náà ti ń sá lọ sílé.”

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ Alága tò sẹ́nu ọ̀nà wa, tí wọ́n ń fọn fèrè, ọkọ mi kọjú sí ògiri. Èmi ni mo jáde lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ lẹ sítíkà.