Ọwọ́ Òsì Mi àti Pẹ́ẹ̀nì Tí Mo Rà ní Jẹ́dà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, mo fẹ́ sọ bí pẹ́ẹ̀nì kan ṣe kó mi yọ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ dókítà ní Jẹ́dà, nílẹ̀ Sáúdí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Pẹ́ẹ̀nì kẹ̀? Ẹ ṣáà jókòó ná.

Nínú àwọn ọdún 1990 ni. Ọkọ mi, Dáúdà, jẹ́ ẹnjiníà, èmi ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní ọsibítù kan, àwa méjèèjì sì wà lórí kọ́ńtíráàtì. Kò sí kọ̀ǹpútà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà náà. Ọwọ́ la fi ń kọ gbogbo nǹkan: ohun tó ń ṣe ọmọ, oògùn tó máa lò, ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Kí iṣẹ́ tó parí lóòjọ́, èèyàn á ti kọ̀wé bí ẹni ń kọ ìtàn ìdílé.

Ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń kọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni, òsì. Mo ń fi ọ̀tún jẹun, mo ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, àmọ́ tó bá di ti ìwé kíkọ, àwọn tíṣà mi n'Íbàdàn fi pàṣán bẹ ọwọ́ ọ̀tún títí, kò gbà. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Báírò ni gbogbo wa ń lò ní wọ́ọ̀dù. Ẹ mọ ìwà báírò, àfi kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ fún ọdún mélòó kan, ni ìdí àtàǹpàkò mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ó kọ́kọ́ ń ro mí lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó ń ro mí lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá di ẹni tí kò lè ṣí ìdérí ìgò omi fúnra rẹ̀.

Ẹ wo bí ìwé mi ṣe máa rí. Ó ń wọ́ lọ bí ẹni tó rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tó ń po oògùn pè mí lórí fóònù pé òun ò mọ èwo nínú oògùn méjì ni mo kọ fún ọmọ kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó béèrè. Ká ní kò béèrè ńkọ́?

Ọ̀gá wa gbọ́, ó sì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ fún mi pé àsìkò àtitún kọ́ńtíráàtì mi ṣe ti ń sún mọ́lé, pé iṣẹ́ mi dára, ṣùgbọ́n dókítà ọmọdé tí wọn ò lè ka ìwé rẹ̀, ewu ni fún ọmọ. Òótọ́ ló sọ. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Mo délé, mo sọ fún Dáúdà. Ó ní, "Ìyá Kúdí, bó bá le tán, ká máa lọ sílé. Ọwọ́ rẹ ṣe pàtàkì ju owó wọn lọ." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, àmọ́ n kò fẹ́ lọ sílé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn.

Dókítà Nasreen ló kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀ pẹ́ẹ̀nì. Ọmọ Pakístánì ni, wọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé tiwa ló wà. Ó ń lo pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ń fa íǹkì sí nínú, irú èyí tí àwọn ọ̀gá ilé ìwé máa ń fi sápò nílé wa. Ó ní láti kékeré ni wọ́n ti ń fi irú ẹ̀ kọ́ àwọn níwèé, pé kò sí pé à ń tẹ nǹkan kan. Kó o ṣáà gbé e lé bébà, íǹkì á máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé tirẹ̀ fún mi. Mo kọ orúkọ mi. Àtàǹpàkò mi ò sọ nǹkan kan. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta!

Lọ́jọ́ tí ọwọ́ wa dilẹ̀, èmi àti Dáúdà lọ sí Bálàdì, ọjà àtijọ́ ní Jẹ́dà, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin ará Yẹ́mẹ̀n kan tó ń ta pẹ́ẹ̀nì àti tùràrí pọ̀. Bó ṣe gbọ́ pé dókítà ni mí, ó kó àwọn oníwúrà jáde, èyí tó wúwo bí ọmọ odó. Ó ní, "Yā duktūra, èyí ló yẹ yín." Mo ní rárá o, ìrora ni mò ń sá fún, èmi kọ́ ni màá tún máa gbé irin kiri.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan. Èyí tó tín-ín-rín, ìka mi máa ń fún un mọ́ra. Èyí tó wúwo lẹ́yìn, ó ń fà mí sẹ́yìn. Ọ̀kan tó sanra díẹ̀ tó sì fúyẹ́, dúdú, kò lẹ́wà rárá, òun ló jókòó sọ́wọ́ mi bí ẹni pé ó ti ń retí mi. Ọkùnrin yẹn fi hàn mí pé ẹnu rẹ̀, ìyẹn níìbù, ṣeé yọ, wọ́n sì ń ta á lọ́tọ̀. Mo mú èyí tí kò fẹ̀ jù tí kò tín-ín-rín jù, mo sì rò pé ìṣòro mi ti tán.

Ṣé ó tán?

Nígbà tí mo fi máa lo pẹ́ẹ̀nì yẹn dé ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi dúdú bí ẹni tó fọ ìkòkò ìdí iná. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, ọwọ́ wa sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń nu íǹkì kó tó gbẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín sí kóòtù funfun mi. Níìbù náà tún ń họ bébà, ó ń dún bí eku nínú àjà. Àtàǹpàkò ò ro mí mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìwé ò tíì ṣeé kà.

Ẹnìkan sọ fún mi pé ẹnu pẹ́ẹ̀nì ọlọ́wọ́ òsì máa ń dagun ni, ìyẹn ni pé ó máa ń gé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bá wá sáńpépà tó kúnná jù lọ nínú àpótí iṣẹ́ Dáúdà, èyí tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà mọ́tò, mo sì rẹ́ níìbù mi dagun. Ta ló rán mi níṣẹ́? Ó fẹ̀, ó dagun, ìlà kan nípọn, ìlà kejì tín-ín-rín. Ìwọ̀n oògùn ọmọ jòjòló kò gbà nínú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un mọ́. Mo sọ pẹ́ẹ̀nì náà sínú dúrọ́ọ̀, mo padà sí báírò, ìrora náà sì padà sí mi lára.

Àsìkò yẹn ni ìyá ọkọ mi dé láti Ìwó, wọ́n wá ṣe úmúrà. Àlàájà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ṣe háàjì nígbà tí ara ṣì le. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn mi, àmọ́ ọwọ́ òsì yìí, wọn ò lè gbé e mì. Tí mo bá ń kọ̀wé, wọ́n á wo ibòmíràn. Nígbà kan wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ ò tún gbìyànjú ọ̀tún wò?" Mo ní, "Màámi, mo ti gbìyànjú." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kò sì parí.

Wọn ò mọ ABD, àmọ́ ọmọ àfáà ni wọ́n. Ilé kéú ni wọ́n ti mọ̀wé, Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ sì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí àbúrò wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń wá nǹkan ìkọ̀wé, báírò ń yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá rí pẹ́ẹ̀nì mi nínú dúrọ́ọ̀. Ilé ìdáná ni mo wà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí.

Mo débẹ̀, mo dúró. Bísímílàì ló wà lórí bébà, ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó. Ìlà nípọn níbi tó yẹ kó nípọn, ó tín-ín-rín níbi tó yẹ kó tín-ín-rín. Màámi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n ní, "Bí gègé bàbá mi ṣe rí gan-an nìyí. Ta ló bá yín gé e?" Mo ní èmi ni, pé mo bà á jẹ́ ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n ní, "Èyí tó bàjẹ́ nìyí?"

Ọ̀tún ni tiwọn, láti ọ̀tún ni ìwé tiwọn sì ti ń bọ̀. Dídagun tó yọ mí lẹ́nu, òun gan-an ni ìwé kéú ń fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni pẹ́ẹ̀nì yẹn ti di tiwọn.

Ohun tó yé mi lọ́jọ́ náà ni pé níìbù kì í burú lásán, ó lè má jẹ́ tìẹ ni. Ọkàn mi le díẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ ará Yẹ́mẹ̀n yẹn, mo ra pẹ́ẹ̀nì dúdú mìíràn, lọ́tẹ̀ yìí mo mú níìbù tó tín-ín-rín jù lọ. Ẹnu tín-ín-rín kì í tú íǹkì púpọ̀, kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, ó ti gbẹ.

Mo gbé e lọ bá Nasreen. Ó ní kí n kọ̀wé kí òun wo ọwọ́ mi. Ó ní àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ń wọ́ níìbù tẹ̀ lé ara wọn ni, àmọ́ èmi ń tì í síwájú, bí ẹni ń ti ọmọlanke, ìdí nìyẹn tó fi ń họ bébà. Pé kí n má rẹ́ ẹ dagun, kí n kàn dán eteetí rẹ̀ kó rí roboto, kó má ní igun rárá. Ó tún yí bébà mi sí ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ mi lè wà nísàlẹ̀ ìlà dípò kó máa nù ún.

A jókòó lásìkò ìsinmi, a fi omi kan sáńpépà, mo ń yí níìbù lé e lórí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bí ẹni ń kọ nọ́ńbà mẹ́jọ. Mo ń yí i, mo ń dán an wò, mo tún ń yí i. Nígbà tó yá, ariwo eku yẹn dákẹ́. Níìbù náà ń yọ̀ lórí bébà bí ọṣẹ. Mo kọ orúkọ oògùn tó gùn jù tí mo mọ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló dúró. Nasreen ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Omi bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tó ń po oògùn ò pè mí lẹ́ẹ̀kankan.

Ó wá ku Mẹ́kà. A gbé Màámi lọ fún úmúrà wọn, a gba Báhírà, ìlú kékeré tó wà lójú ọ̀nà, kọjá, a sì dé sílé Àlàájà Sàfú, ọ̀rẹ́ Màámi láti Ìwó, ní àdúgbò Utaybíyà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé Mẹ́kà, àwọn ló máa ń gba àwọn ará ilé sílé. Nígbà tí a parí ìjọ́sìn tí a padà wálé, a bá Àlàájà Sàfú tí wọ́n di ògiri mú. Òòyì ń kọ́ wọn. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ti ru gidi. Oríṣiríṣi oògùn ni wọ́n ń pò pọ̀, òmíràn láti ilé, òmíràn láti ọwọ́ aládùúgbò.

Ó di dandan kí wọ́n lọ sí mustawsaf, ilé ìwòsàn kékeré tó wà lópòópónà. Èmi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo bá jókòó, mo ń kọ ìwé sí dókítà wọn: ohun tí mo rí, gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, èyí tí kò yẹ kó pàdé èkejì.

Àlàájà Sàfú wo ọwọ́ mi. Pẹ̀lú òòyì yẹn náà, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Nílùú mímọ́ yìí, ọwọ́ òsì lẹ fẹ́ fi kọ ọ̀rọ̀ ìlera mi?"

Dáúdà ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò gbé orí sókè, mo ń retí ohun tí ìyá ọkọ mi máa sọ.

Màámi na ọwọ́, wọ́n mú bébà náà, wọ́n gbé e síwájú ojú Àlàájà Sàfú. Wọ́n ní, "Sàfú, èmi ò lè ka òyìnbó, ìwọ náà ò lè kà á. Àmọ́ wò ó bó ṣe tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, bí àwọn tó dúró kírun. Ọwọ́ ìyàwó mi nìyẹn. Òun ni wọ́n fi ń wo ọmọ ọlọ́mọ sàn. Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n dìde.

Dókítà mustawsaf ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré, kò béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ó kó oògùn méjì kúrò nínú tiwọn, ó ní kí wọ́n sùn síbẹ̀ kí òun máa ṣọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì Àlàájà Sàfú ti ń bá wa jà pé a ò jẹun tó.

Ní Jẹ́dà, ọsibítù wa tún kọ́ńtíráàtì mi ṣe. Màámi ò tún bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀tún mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí irinṣẹ́ bá ń pa ọ́ lára, irinṣẹ́ náà ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe, má tíì na ọwọ́ rẹ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi òsì ṣiṣẹ́, kí lẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, ta ló sì gbè yín lẹ́yìn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ọwọ́ yòówù kí ẹ fi kọ ọ́.