Wàrà Funfun fún Ìyá Mi

Ìyá mi lè fi ẹran sílẹ̀, wọ́n lè fi ẹja sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n fi wàrà sílẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Wàrà pupa ni tiwọn, èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń fi poroporo ọkà bàbà sè títí á fi pọ́n. Lọ́jọ́ kan nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán, ojú wọn wú, agbára káká ni wọ́n fi ń mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni abẹ́rẹ́ penisilíìnì kò ti bá wọn lára mu. Dókítà ní ó jọ pé màlúù ló gba abẹ́rẹ́, tí oògùn náà wá bá mílíìkì jáde. Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú wàrà.

"Ẹ wo ayé mi," ni wọ́n ń wí lórí fóònù. "Màlúù gba abẹ́rẹ́, èmi ni wọ́n ń fìyà jẹ!"

Ní láàbù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ń dán bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wò níbẹ̀. Pupa ni bébà náà. Bí a bá kán mílíìkì sí i, tí oògùn apakòkòrò bíi penisilíìnì bá wà nínú rẹ̀, á di àwọ̀ aró. Bí kò bá sí, á pọ́n bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní ìyá mi á tún jẹ wàrà, dókítà ì báà bínú.

Mo gba Sábó lọ, mo ra wàrà pupa lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, mo fún omi rẹ̀ sórí bébà. Kò yí padà. Háà, mo jó! Mo pe ìyá mi pé mò ń bọ̀, mo di wàrà, mo wọ mọ́tò Ọ̀yọ́. A ò tíì jìnnà tí mo rí i pé ìka mi ti pọ́n. Poroporo! Àwọ̀ rẹ̀ ló bo bébà náà. Bó bá tiẹ̀ di aró lábẹ́, ta ni yóò rí i? Ohun tí à bá fẹ̀sọ̀ mú, mo fi ìkánjú mú un. Mo ju wàrà náà sínú igbó, mo sì ń bú ara mi títí mo fi délé.

"Wàrà ńkọ́?" ni ìyá mi kọ́kọ́ bi mí, kí wọ́n tó dáhùn ìkíni mi.

Mo padà lọ ṣàlàyé fún obìnrin náà. Ó káwọ́ lérí. "Àǹtí, a ò mọ̀ o. Màá ya ti ìyá wa sọ́tọ̀ kí n tó fi poroporo sí i. Màlúù tí kò gba abẹ́rẹ́ ni màá fi ṣe é." Mo dán èyí náà wò, ó funfun nini, bébà ò sì yí padà.

Ìyá mi wò ó sókè, wọ́n wò ó sílẹ̀. "Ṣé ara wàrà yìí ò yá ni?" Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dijú, wọ́n ní, "Alihamudulilahi." Mo ń ṣọ́ ojú wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé e lọ fún wọn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.

Ogbó ló mú wọn lọ, kì í ṣe wàrà. Àárò wọn ń sọ mí gan-an.

Mi ò tíì sọ fún obìnrin Sábó. Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo wàrà rẹ̀ ni yóò wọ inú poroporo. Bí mo bá ti yọjú, funfun náà á ti wà lábẹ́ ewé, lọ́tọ̀. Mo ṣì ń dán an wò kí n tó jẹ ẹ́, èmi tí kò sí abẹ́rẹ́ tó ń bá mi jà.

"Ìyá wa ńkọ́?" ló máa ń béèrè.

"Wọ́n wà."

"Ẹ bá mi kí wọn o."

"Wọ́n á gbọ́."