Ẹ̀jẹ̀ Tí Dókítà Fọlákẹ́ Ń Retí

Nígbà tí owó epo ń ya wọ Èkó, tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lánàá ń ra mọ́tò lónìí, kò sí ọjọ́ tí èèyàn kì í fara pa lójú ọ̀nà Òṣòdì. Ọsibítù ìjọba kan ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé wọn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n pín Olúfọlákẹ́ Abórìṣàdé sí, kété tó gboyè dókítà tán n'Íbàdàn.

Ọmọ káfíńtà ni Fọlákẹ́. Ìkirè ni bàbá rẹ̀ ti wá, Mafoluku ni wọ́n sì háyà yàrá sí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun jáde nílé, gbogbo ará ilé ló sìn ín dé títì. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Nínú gbogbo ìwé tó kà, kò sí èyí tó sọ ohun téèyàn máa ṣe bí wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ èèyàn dé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀jẹ̀ bò wọ́n, tí bẹ́ẹ̀dì ò sì tó.

Ọ̀gá ibẹ̀, Dókítà Àyàntúndé, ló kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà èémí fún ẹni tí ahọ́n dí lọ́fun, àti bí wọ́n ṣe ń wá iṣan rí lára ẹni tó ti ń tutù.

"Fọlákẹ́, má sáré bá ẹni tó ń pariwo. Ẹni tó ń pariwo ṣì ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kí o kọ́kọ́ wò."

"Mo ti gbọ́, sà."

Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi balẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é kí wọ́n tó pe ọ̀gá pàápàá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, búréèkì lọ́rí kan tó kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Àpápá já, ló bá kọ lu bọ́lẹ̀kájà tó kún fún èrò. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé, sìmẹ́ńtì ti bò wọ́n, gbogbo wọn funfun báláú. Fọlákẹ́ ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn tó dákẹ́ ló lọ bá, ó ń fi ìka nu sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́nu wọn.

Wàsílátù, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ, jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Fọlákẹ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó rọ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa.

"Ó ń dùn mí díẹ̀ ni, Dókítà. Ẹ tọ́jú àwọn yẹn ná."

Nígbà tí Fọlákẹ́ fi máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ikùn náà ti le bí pákó, ètè rẹ̀ sì ti funfun. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀. Wọ́n sáré pe ọ̀gá.

"Mo lè là á," ni Dókítà Àyàntúndé wí, "ṣùgbọ́n láìsí ẹ̀jẹ̀, orí tábìlì ló máa kú sí. Ẹ̀jẹ̀ dà?"

Iná ti lọ láti àná, èyí tó wà nínú fíríìjì ti bàjẹ́. Wọ́n rán dírẹ́bà ọsibítù lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó kó lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Rájí, ọkọ Wàsílátù, dé, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè.

"Ẹ fa tèmi! Ẹ fà á tán!"

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò bá tìyàwó rẹ̀ mu. Fọlákẹ́ ní kí wọ́n yẹ tòun wò. Kò bá a mu náà. Ó so omi iyọ̀ kọ́ fún Wàsílátù kó máa wọ iṣan rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú. Kò tún sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe.

"Dókítà, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi lómi."

Bó bá mu omi, wọn ò ní lè kùn ún lóorun kí wọ́n là á bí ẹ̀jẹ̀ bá dé. Fọlákẹ́ fi òwú tútù nu ètè rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù. Wọ́n ti ń bọ̀."

Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, títí ọwọ́ tó dì mú fi rọ jọwọrọ.

Dírẹ́bà dé nígbà tí wọ́n ti fi aṣọ bo Wàsílátù lójú. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló mú kó fi mọ́tò sílẹ̀ lọ́nà, ó sáré wá, ó gbá ìgò ẹ̀jẹ̀ mọ́ àyà.

"Níbo ni mo ti ṣì í, sà?" ni Fọlákẹ́ bi ọ̀gá rẹ̀.

"O ò ṣì í níbì kankan."

Ìdáhùn yìí dùn ún ju èébú lọ. Bó bá jẹ́ pé ó ṣe àṣìṣe ni, ì bá mọ ohun tó máa tún ṣe.

Ó lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fún Wàsílátù. Ìyá Wàsílátù bu àkàrà sínú abọ́ fún un, ó sì jókòó tì í.

"Wọ́n ní ẹ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n fún òun lómi, mà."

"Ṣé ẹ fún un?"

Fọlákẹ́ fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ àti oògùn akunilóorun wá sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò rí èyí tó ṣeé sọ fún abiyamọ.

"Rárá, mà."

Ìyá náà dìde, ó lọ ń pín àkàrà fún àwọn tó kù.

Fọlákẹ́ gbé tiẹ̀ délé láìfẹnu kàn án. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, torí kò mọ ibòmíràn tó lè lọ.